Kí a tó ta ilé bàbá wa ní Kambolé, ẹ jẹ́ ká wo bí Faransé ṣe ń ta tiwọn

Ìrun Alásàrí ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní Sokodé ni. Àwa mẹ́rin jókòó lábẹ́ igi máńgòrò nígbà tí ọmọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀ lórí zémìjàn, ó bẹ̀rẹ̀ kí wa. Láti Lomé ló ti wá. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Àlàájì, ló wá rí. Kó tó sọ ohun tó bá wá, ó mú fóònù rẹ̀ jáde, ó fi àwòrán ilé kan hàn wá.

Ilé òkúta ńlá ni, ní agbègbè Bordeaux ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí wọ́n ti ń gbin àjàrà tí wọ́n fi ń ṣe wáìnì. Oko àjàrà yí i ká lọ́tùn-ún lósì. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni àwọn Faransé ń pè ní château. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán pé títà ni.

“Àlàájì, ẹ bá mi wò ó,” ni ọmọ náà wí. “Gbogbo ilé yìí pẹ̀lú oko rẹ̀! Iye tí wọ́n dá lé e kò ju iye tí wọ́n ń ta ilé gbígbé kan láàárín ìlú Paris lọ.”

Àlàájì gba fóònù náà, ó wò ó pẹ́. Ó ní: “Ta ló kọ́ ọ? Kí ló fi kọ́ ọ? Kí ló dé tí àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ tà á?”

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ó ní wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ síbẹ̀, pé òun ni òun kò kà á tán. Lẹ́yìn èyí ló wá sọ ohun tó gbé e wá. Òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ fẹ́ ta agbo ilé bàbá bàbá wọn ní Kambolé. Kò sí ẹni tó ń gbé ibẹ̀ mọ́, òjò ti wó yàrá méjì, ẹni tó fẹ́ rà á sì ti dé. Àlàájì tún bi í ní ìbéèrè mẹ́ta yẹn, lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni kọ sílẹ̀ tí a lè kà. Kò sí àwòrán pàápàá. Ọmọ náà dákẹ́.

Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí. Lójú tèmi, títa ilé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àìsàn lè dé, owó ilé ìwé lè dé, ogún lè di ìjà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ta ilé tí kò ní ìwé, tí kò sí ẹni tó kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ilé náà tọrẹ ni, bó ti wù kí owó tó gbà pọ̀ tó. Èyí ni à ń ṣe lọ́wọ́lọ́wọ́ ní Kambolé, ní Tchamba àti ní Sokodé, a sì ní láti dá ọwọ́ dúró.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa ní agbègbè yìí ni Mùsùlùmí, a kì í mu wáìnì. Kí ló wá kàn wá pẹ̀lú ilé ọlọ́tí ní Faransé? Ó kàn wá ju bí a ti rò lọ. Ẹ jẹ́ ká dáhùn ìbéèrè Àlàájì.

Ta ló kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀, kí ló sì fi kọ́ ọ? Ọ̀pọ̀ nínú ilé òkúta tó lẹ́wà ní Bordeaux àti agbègbè rẹ̀ ni wọ́n kọ́ láàárín ọdún 1700 sí 1800. Ìgbà yẹn ni èbúté Bordeaux là, láti ara ṣúgà, kọfí àti aró tó ń wá láti Saint-Domingue, ilẹ̀ tí a ń pè ní Haiti lónìí. Àwọn ẹrú tí wọ́n kó láti Áfíríkà ló ń ṣiṣẹ́ oko ibẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi láti Bordeaux rin ìrìn àjò bíi 480 láti wá ra ènìyàn, iye àwọn tí wọ́n kó lọ sì wà láàárín 120,000 sí 150,000. Ìdílé Nairac wà lára àwọn tí òwò yìí sọ di ọlọ́rọ̀. Ọmọ ìdílé náà kan, Elysée Nairac, kọ́ château kan sí Barsac, láàárín oko àjàrà, ní nǹkan bí ọdún 1777. Ilé náà ṣì dúró, orúkọ ìdílé náà ni wọ́n sì ń pè é.

Nínú ìwé tí àwọn olóko Saint-Domingue fi ń ka ẹrú wọn, ọ̀kan lára orúkọ ẹ̀yà tí wọ́n ń kọ ni Nago. Orúkọ yìí náà ni wọ́n ń pe àwọn tó ń sọ èdè Yorùbá ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò títí dòní. Ní Haiti, àwọn ẹlẹ́sìn Vodou ṣì ń pe ìdílé òrìṣà kan ní Nago, Ògún sì ni aṣáájú wọn. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ Kambolé bá ń wo àwòrán château tí ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, kó rántí pé òógùn àwọn tó ń jẹ́ irú orúkọ tí òun ń jẹ́ wà nínú owó tí wọ́n fi to òkúta irú ilé bẹ́ẹ̀ lé ara wọn.

Àwọn ará Bordeaux fúnra wọn kò fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ mọ́. Láti ọdún 2009 ni ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyésí wọn, Musée d’Aquitaine, ti ya yàrá sọ́tọ̀ tó ń sọ ìtàn òwò ẹrú ìlú náà. Ní May 10, ọdún 2019, wọ́n gbé ère Modeste Testas kalẹ̀ sí etí odò, obìnrin kan tí wọ́n mú lẹ́rú ní Áfíríkà, tí ìdílé oníṣòwò kan ní Bordeaux rà. Ìtàn burúkú ni, ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́, wọ́n sì gbé e sí ojú táyé.

Irú ilé bẹ́ẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa náà. Ní Agbodrafo, ní etí òkun Tógò, ilé kan wà tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1835, tí wọ́n ń pè ní Ilé Wood. Lókè, ó jọ ilé ọlọ́lá. Lábẹ́ pákó ilẹ̀ rẹ̀ ni àjà kan wà tí ènìyàn kò lè nàró nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ń fi àwọn ẹrú pamọ́ sí, nígbà tí òwò náà ti di èèwọ̀ lábẹ́ òfin, títí ọkọ̀ yóò fi dé. Nítorí pé ilé náà ṣì dúró ni ọmọ ilé ìwé ṣe lè wọ ibẹ̀ lónìí kó sì mọ̀ pé òótọ́ lọ̀rọ̀ náà.

Ẹ tún wo orúkọ Tchamba fúnra rẹ̀. Láàárín àwọn Ewe àti Mina ní gúúsù, vodun kan wà tó ń jẹ́ Tchamba. Àwọn ìdílé tí babańlá wọn ra ẹrú láti àríwá ni wọ́n ń bọ ọ́, nítorí ẹ̀mí àwọn ẹrú náà. Àwọn tó wà ní etí òkun ń fi orúkọ ìlú tó wà lọ́dọ̀ wa rántí àwọn ènìyàn tí wọ́n kó lọ. Àwa tí a wà nílé ńkọ́? Ilé wo ní Tchamba, ní Kambolé tàbí ní Sokodé ni a lè tọ́ka sí pé ibí yìí ni wọ́n ti mú wọn, ibí yìí ni ìyá wọn ti ń retí wọn? Ìtàn tí a kò kọ sílé, àwọn ará ìta ni yóò bá wa sọ ọ́, bó bá sì ṣe tẹ́ wọn lọ́rùn ni wọn yóò ṣe sọ ọ́.

Ó ku ìbéèrè kẹta: kí ló dé tí àwọn ọmọ fẹ́ ta château? Ohun tó ń bọ́ ilé náà ló dín kù. Ní nǹkan bí ọdún 1960, wáìnì tí ará Faransé kan ń mu lọ́dún lé ní 100 lítà. Lónìí, bíi 40 lítà ni. Ní ọdún 2023, nǹkan le débi pé wọ́n ṣètò owó fún àwọn olóko Bordeaux kí wọ́n hú àjàrà wọn dànù: yúrò 6,000 lórí hẹ́kítà kan, èyí tó sún mọ́ mílíọ̀nù mẹ́rin sẹ́fà. Àwọn olówó Ṣáínà ti kọ́kọ́ ra château tó lé ní 100 ní agbègbè náà. Ọ̀kan nínú wọn yí orúkọ àwọn tó rà padà ní ọdún 2017, ó sọ ọ̀kan di Ehoro Ọba, ó sọ òmíràn di Ẹtu Tibet. Inú bí àwọn ará ibẹ̀. Nígbà tó yá, ọ̀pọ̀ lára àwọn château wọ̀nyẹn tún padà sórí àtẹ. Òrùlé ilé òkúta kì í gbọ́ pé ọjà kò tà. Bí òjò bá ti ń jò ó, owó ló ń béèrè.

Ẹ rí i pé ohun tó ń ṣe wọ́n ló ń ṣe wá. Iṣu, àgbàdo, òwú àti kajú ló ń bọ́ agbo ilé wa. Bí owó kajú bá já wálẹ̀ ní àkókò rẹ̀, ta ni yóò ra páànù tuntun sórí yàrá bàbá àgbà? Àwọn ọmọ ti lọ sí Lomé, sí Cotonou, sí Èkó, àwọn mìíràn ti sọdá sí Yúróòpù. Ilé ṣófo. Ní Bordeaux, ilé ṣófo. Ní Kambolé, ilé ṣófo.

Ibi tí a ti yàtọ̀ ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ títà. Láti December 31, ọdún 1913 ni Faransé ti ní òfin tó ń dáàbò bo ilé ìtàn. Ilé tó bá ti wọ inú ìwé yẹn, ẹni tó rà á kò gbọdọ̀ wó o, kò sì gbọdọ̀ tún un ṣe bó ṣe wù ú láìgba àṣẹ. Ìjọba náà sì máa ń bá a gbé díẹ̀ nínú owó àtúnṣe. Bí oko bá wà lára ohun tí wọ́n ń tà, ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Safer gbọ́dọ̀ gbọ́ kí ọjà náà tó parí, ó sì lágbára láti gba ilẹ̀ náà fún àgbẹ̀ mìíràn. Notaire, ìyẹn agbẹjọ́rò tó ń ṣe ìwé ilé, yóò ka gbogbo rẹ̀ sí etí ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà. Nítorí náà, olówó lè yí padà nígbà mẹ́wàá, ilé náà kò ní sọ orúkọ àti ìtàn rẹ̀ nù. Ìwé, ìtọ́jú àti ìtàn ló ń gbé iye rẹ̀ ró. Ẹ yọ ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òkúta lásán ló kù.

Lọ́dọ̀ tiwa, ẹlẹ́rìí méjì, àdúrà, owó nínú àpò, ó parí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn òṣìṣẹ́ dé pẹ̀lú ṣọ́bìrì. Amọ̀ tí bàbá wa pò lọ́wọ́ padà di ilẹ̀. Àwọn búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì dé, géètì irin dé. Ọmọ tí wọ́n bá bí ní àdúgbò náà lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá kò ní mọ̀ pé ìdílé kankan ti gbé ibẹ̀ rí.

Mo gbọ́ ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń sọ, n kò sì fojú kéré rẹ̀. Wọ́n ní ta ni yóò gbé inú ilé alámọ̀ lónìí? Wọ́n ní ọmọ tó wà ní yunifásítì kò lè fi ìtàn san owó ilé ìwé. Wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Òótọ́ ni òwe yẹn, ṣùgbọ́n ọba ló ni ín. Ilé ọba ní ẹni tí yóò tún un kọ́, gbogbo ìlú ló sì mọ ibi tó wà. Ilé tálákà tó jó, tí kò ní ìwé, aládùúgbò ni yóò fi ilẹ̀ rẹ̀ kún tirẹ̀.

Ẹ wo bí ìjọba wa ṣe ṣe é nígbà tí ọ̀rọ̀ kan ilé olówó. Lórí òkè Kloto, lẹ́bàá Kpalimé, ní ilẹ̀ kọfí àti kòkó, château òkúta kan wà tí agbẹjọ́rò Faransé kan tó ń jẹ́ Viale kọ́ ní ọdún 1944. Ó bọ́ sọ́wọ́ ìjọba Tógò ní ọdún 1971, ó di ilé olórí orílẹ̀-èdè. Ààfin gómìnà tí àwọn ará Jámánì kọ́ tán sí Lomé ní ọdún 1905 wà ní títì fún ọ̀pọ̀ ọdún, igi hù yí i ká. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì ṣí i fún gbogbo ènìyàn ní November, ọdún 2019. Lónìí, iṣẹ́ ọnà ló wà nínú rẹ̀, ọgbà rẹ̀ sì tó hẹ́kítà 11. Inú mi dùn sí i. Ó fi hàn pé a lè ṣe é bí a bá fẹ́. Ṣùgbọ́n ilé tí gómìnà kọ́ nìkan kọ́ ni ilé ìtàn. Koutammakou ní àríwá, ilé alámọ̀ ni àwọn Batammariba fi ń gbé ibẹ̀, UNESCO sì ti kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ogún àgbáyé láti ọdún 2004. Amọ̀ ni, ó sì níyì lójú ayé. Ta ló sọ pé amọ̀ Kambolé kò níyì?

Ohun mìíràn tún wà tí a ó pàdánù. Àwọn onímọ̀ èdè ka èdè Kambolé mọ́ ẹ̀ka èdè Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Ede, ó sì yàtọ̀ sí ti Èkó àti Ìbàdàn. Nínú agbo ilé ni èdè náà ń gbé. Yàrá tí àlejò ń gbà wọlé lórúkọ, ibi tí àwọn ìyàwó ti ń dáná lórúkọ, igun tí wọ́n ń kó iṣu sí lórúkọ. Ọmọ tó dàgbà nínú yàrá méjì tí wọ́n rẹ́ǹtì ní Lomé, Faransé ló fi ń ka gbogbo rẹ̀. Bí agbo ilé bá lọ, ọ̀rọ̀ náà á bá a lọ.

Kí ni ká wá ṣe? Ohun mẹ́ta péré ni mo ń bẹ̀ wá fún, kò sì sí ọ̀kan tó béèrè owó château.

Èkíní, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan ṣe ìwé ilẹ̀ rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ títà tó dé rárá. Tógò ti ṣe òfin ilẹ̀ tuntun ní June 14, ọdún 2018. Titre foncier ni ìwé tó lágbára jù. Ó ń gba owó àti àkókò, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ mẹ́wàá lè dá a jọ. Ilẹ̀ tó ní ìwé, bí ẹ bá tilẹ̀ fẹ́ tà á, owó gidi ni ẹ ó gbà, kò sì ní sí pé wọ́n tà á fún ẹni méjì.

Èkejì, kí a kọ ìtàn ilé sílẹ̀ nígbà tí àgbà ṣì wà. Fóònù tí a fi ń wo ilé Faransé lè gba ohùn ìyá àgbà sílẹ̀. Ẹ bi wọ́n: ta ló kọ́kọ́ dó síbí? Láti ibo ló ti wá? Ta ló kú síbí, ta ni wọ́n bí síbí? Ẹ ya àwòrán yàrá kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ ní èdè wa.

Ẹ̀kẹta, kí àwọn kọ́múnù wa ṣiṣẹ́. Láti ìdìbò ìbílẹ̀ June 30, ọdún 2019 ni a ti ní àwọn tí a fìbò yàn sórí kọ́múnù. Kí wọ́n ṣí ìwé kan ní Tchamba, kí wọ́n ṣí ọ̀kan ní Sokodé, kí wọ́n kọ àwọn ilé àtijọ́ tó ṣì dúró sínú rẹ̀: ilé olóyè, mọ́sálááṣí àtijọ́, agbo ilé àwọn tó kọ́kọ́ dó. Kí ẹnikẹ́ni má wó èyí tó bá wà nínú ìwé náà láì kọ́kọ́ sọ fún kọ́múnù. Nígbà ọdún Adossa, tí àlejò ń rọ́ wá sí Sokodé, ẹ jẹ́ kí ohun tí a lè fi hàn wọ́n ju ijó lọ.

Lábẹ́ igi máńgòrò ọjọ́ náà, Àlàájì kò bínú sí ọmọ àbúrò rẹ̀. Ó dá fóònù rẹ̀ padà fún un. Ó ní: “Mi ò sọ pé kí ẹ má tà á. Ìyá rẹ àgbà ṣì wà ní Kambolé. Lọ jókòó tì wọ́n, kí wọ́n dáhùn ìbéèrè mẹ́ta yẹn fún ọ, kí o gbà á sílẹ̀. Bí o bá gbọ́ ọ tán tó ṣì wù ọ́ láti tà, padà wá, èmi náà á fọwọ́ sí i.”

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ọmọ náà gba Tchamba lọ sí Kambolé. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń kọ èyí, kò tíì padà wá mú ìwé tí Àlàájì yóò fọwọ́ sí.